Ẹnu Jẹ, Ojú A Tì: Ẹ̀kọ́ Lórí Àwọn Alákòóso àti Owó Epo

Ibi kíkà: 1 Sámúẹ́lì 8:1–3 àti 12:1–5; 2 Kọ́ríńtì 8:16–21

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kò kan ilé Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ náà ni pé kí olóṣèlú tí ń ṣe òfin lórí epo, gáàsì, èédú tàbí iná mànàmáná máa ní ìpín tirẹ̀, èyí tí a ń pè ní ṣíà, nínú ilé-iṣẹ́ tí ń tà wọ́n. Àwa gbà pé ó kàn wá. Ìwé owó iná tí Pepco ń fi ránṣẹ́ sí wa ní Suitland níhìn-ín kàn wá. Epo tí àwọn òbí wa ń rà sínú jẹnẹrétọ̀ ní Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú-Òde kàn wá. Ohun kan sì tún wà nínú ìjọ wa fúnra rẹ̀ tí ó jọ ọ́. A ó dé ibẹ̀ ní ìparí.

1. Kí ni ọ̀rọ̀ náà gan-an?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ wa. Ní wọ́ọ̀dù, bí àwọn òṣìṣẹ́ òru bá fẹ́ lọ sílé, nọ́ọ̀sì méjì ni yóò jọ ka àwọn oògùn líle tí a tì mọ́ inú àpótí: ẹni tí ń lọ àti ẹni tí ń bọ̀. Bí a bá fún aláìsàn ní ìdajì tí a sì fẹ́ da ìdajì nù, ẹnìkejì gbọ́dọ̀ fi ojú rẹ̀ rí i, kí ó sì fọwọ́ sí ìwé. Àwọn ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì máa ń bínú sí èyí. Wọ́n á ní, “Àǹtí, ṣé ẹ kò gbẹ́kẹ̀ lé mi ni?” Èsì wa kì í yípadà: a kò pè ọ́ ní olè, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè pè ọ́ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí iye bá dín.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn alákòóso rí. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ rìbá. Àwa tí a ń gbé Prince George's County rántí Jack Johnson tí ó jẹ́ olórí ìjọba káńtì wa. Ó gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ́ ilé, ó jẹ́wọ́ ní kóòtù, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méje àti oṣù mẹ́ta ní oṣù Kejìlá ọdún 1991 + 20, èyíinì ni 2011. Rìbá nìyẹn. Ohun tí a ń sọ níhìn-ín máa ń wáyé kí ẹnikẹ́ni tó jalè rárá. Ènìyàn ní oko kan, ìlú sì fi í ṣe adájọ́ lórí ààlà oko náà. Ó lè jẹ́ olóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá ti jẹ, ojú a tì, kò sì sí ẹni tí yóò lè mọ̀ bóyá nítorí ìlú ni ó ṣe dájọ́, tàbí nítorí oko rẹ̀.

2. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílé

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1998, nígbà ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha, wọ́n fi orúkọ ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Malabu sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ díẹ̀ péré lẹ́yìn náà, ìjọba fún Malabu ní ibi ìwa-epo ńlá kan nínú òkun, tí a ń pè ní OPL 245. Mínísítà fún epo nígbà náà ni Olóyè Dan Etete. Ní ọdún 2013, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù sọ nínú ìdájọ́ rẹ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Etete fúnra rẹ̀ ti ní ìpín nínú Malabu. Ẹni tí ń pín ẹran ni ó tún na ọwọ́ gba a.

Ní ọdún 2011, Shell àti Eni san nǹkan bíi bílíọ̀nù kan àti ọ̀ọ́dúnrún mílíọ̀nù dọ́là nítorí ibi ìwa-epo yìí. Nǹkan bíi bílíọ̀nù kan àti ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù nínú rẹ̀ gba àkáǹtì ìjọba kọjá lọ sọ́dọ̀ Malabu. A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ délẹ̀: àwọn ilé-iṣẹ́ méjèèjì sọ pé àwọn kò ṣẹ̀, ilé ẹjọ́ Mílánì ní Ítálì sì dá gbogbo àwọn tí a fẹ̀sùn kàn sílẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2021. Ṣùgbọ́n ẹ wo gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Bí Mínísítà kò bá ní ìpín níbẹ̀ ní 1998, kì bá tí sí ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù tàbí ní Mílánì.

Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní Àfikún rẹ̀ Karùn-ún, kọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìjọba láti wà ní ipò tí èrè ara rẹ̀ yóò ti máa bá iṣẹ́ rẹ̀ jà. Ó ní kí ó kọ gbogbo ohun-ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún Code of Conduct Bureau. Ó tún ní kí ẹni tí ń fi gbogbo àkókò rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìjọba má ṣe òwò mìíràn, àyàfi iṣẹ́ àgbẹ̀. Òfin wà. Ẹni tí yóò pa á mọ́ ni a ń wá.

3. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín

Kí a má rò pé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá. Ní ọdún 1922, Albert Fall, tí ń ṣe àkóso ilẹ̀ ìjọba lábẹ́ Ààrẹ Harding, fi ilẹ̀ epo àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Teapot Dome àti Elk Hills fún ọlọ́rọ̀ méjì láìjẹ́ kí àwọn mìíràn dá iye. Owó tí ó gbà lọ́wọ́ wọn tó nǹkan bíi 400,000 dọ́là. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni ó yá òun nínú rẹ̀. Wọ́n dá a lẹ́bi ní 1929, ó sì wọ ẹ̀wọ̀n ní 1931.

Ní ìgbà tiwa, Sẹ́nétọ̀ Joe Manchin ti West Virginia dá ilé-iṣẹ́ èédú kan, Enersystems, sílẹ̀ ní 1988. Láti 2021 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2025, òun ni alága ìgbìmọ̀ Sẹ́nétì tí ń rí sí epo, èédú àti iná. Nínú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ, èrè tí ó rí láti ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 2020 lé ní 490,000 dọ́là. Kò rú òfin Sẹ́nétì. Ó ní òun ti fi ohun-ìní òun sí ọwọ́ olùtọ́jú. Síbẹ̀, nígbàkigbà tí ó bá sọ̀rọ̀ lórí èédú, àwọn ènìyàn ń bi ara wọn pé ta ni ó ń sọ̀rọ̀ fún.

Àwọn ará wa tí ń ṣiṣẹ́ ní Census Bureau ní Suitland mọ̀ pé òfin kò jẹ́ kí wọ́n dá sí ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ tí owó tiwọn, ti ọkọ tàbí aya wọn, tàbí ti ọmọ wọn kékeré bá wà nínú rẹ̀. Òfin kan náà kò de àwọn ọmọ Kọ́ńgírẹ́sì. Òfin STOCK Act ti ọdún 2012 ní kí wọ́n sọ ìpín tí wọ́n bá rà tàbí tà fáyé gbọ́ láàárín ọjọ́ márùndínláàádọ́ta. Kò ní kí wọ́n má ní ìpín. Akọ̀wé kékeré ni a dè, a fi ọ̀gá sílẹ̀.

Àwọn kan ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Jimmy Carter di Ààrẹ ní 1977, ó fa òwò ẹ̀pà rẹ̀ lé olùtọ́jú lọ́wọ́. Nígbà tí ó padà sílé ní 1981, gbèsè tí ó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là ni ó bá nílẹ̀. Ó pàdánù owó, ṣùgbọ́n òwò náà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó ń ṣe ìjọba.

4. Ohun tí Ìwé Mímọ́ fi kọ́ wa

Àwọn ọmọ Sámúẹ́lì fi ìdájọ́ wá èrè ní Beerṣébà. Bàbá wọn, ní ọjọ́ ogbó, dúró níwájú gbogbo ìlú, ó ní kí ẹni tí òun bá gba màlúù rẹ̀ tàbí tí òun bá fìyà jẹ jáde wá sọ. Kò dúró kí wọ́n wádìí rẹ̀. Òun ni ó ṣí àpótí rẹ̀ sílẹ̀.

Pọ́ọ̀lù pẹ̀lú, nígbà tí ó fẹ́ gbé owó ìrànlọ́wọ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù, kò dá a gbé. Ó jẹ́ kí àwọn ìjọ yan arákùnrin tí yóò bá wọn lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀bi kà sí wọn lọ́rùn. Bí àpọ́sítélì bá ń bẹ̀rù àtidá ka owó, ta ni nínú wa ni yóò sọ pé òun kò nílò ẹlẹ́rìí?

Àwọn kan yóò ní, “Ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́ ni a ti ń jẹ.” Òótọ́ ni. Owó oṣù ni oúnjẹ ibẹ̀. Ẹni tí a bá sanwó fún láti ṣọ́ àká kò tún gbọdọ̀ máa bu iṣu inú rẹ̀ tà.

5. Ọ̀rọ̀ kàn wá

Owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù wa lè wà nínú ìpín ilé-iṣẹ́ epo láìjẹ́ pé a mọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti ní ìpín. Ohun tí ó burú ni kí a ní i, kí a bò ó mọ́lẹ̀, kí a sì jókòó sórí àga ìdájọ́.

Ohun tí a ṣèlérí nìyí. Ìgbìmọ̀ ilé ìjọ wa ń wá ẹni tí yóò pààrọ̀ ẹ̀rọ tí ń mú gbọ̀ngàn gbóná. Ẹni mẹ́ta ni ó dá iye. Ọ̀kan nínú wọn ni ọkọ àbúrò wa, àwa tí a ń kọ ẹ̀kọ́ yìí, a sì wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, a dákẹ́. A ní iye tirẹ̀ ni ó kéré jù, kí ló kù? Ìgbà tí a ń múra ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ ni ọkàn wa gún wa. A lọ sọ fún alága, a sì jẹ́wọ́ fún ìgbìmọ̀ pé ó yẹ kí a ti sọ ọ́. A ó jáde kúrò nínú yàrá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yan ẹni tí yóò ṣe é, iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò sì wà lára pátákó fún gbogbo ìjọ láti rí. Inú àna wa kò dùn. Ó ní a ti ba òun lórúkọ jẹ́. Àwa gbà pé orúkọ rẹ̀ ni a dáàbò bò, a sì ń gbàdúrà pé yóò rí i bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín rìbá àti ohun tí a kọ́ lónìí?
2. Kí ni Sámúẹ́lì ṣe tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò ṣe?
3. Àwọn aṣòfin wa ní Annapolis ń kọ ohun-ìní wọn sílẹ̀ lọ́dọọdún, aráàlú sì lè béèrè láti wò ó. Ta ni nínú ilé yín ni yóò lọ wo ti aṣòfin àdúgbò wa?
4. Ipò wo ni ìwọ wà, níbi iṣẹ́, nínú ẹgbẹ́ tàbí nínú ìjọ, tí ó yẹ kí o ti sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ọwọ́ mi wà nínú èyí”?

Kí Olúwa fún wa ní ọwọ́ mímọ́ àti ẹnu tí ó lè sọ òtítọ́. Àmín.