Ẹ Yẹ Ìwé Iṣẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Kakuri, Barnawa àti Sabon Tasha, ó ká mi lára pé àwọn kan ṣì ń gbowó lọ́wọ́ yín, pé àwọn yóò bá yín gba ìwé iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní ìlú Ọba. Ẹ má ta ilẹ̀ bàbá yín nítorí rẹ̀. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025 ni ìjọba ibẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun.

Nọ́ọ̀sì àti dókítà ṣì ń rí ọ̀nà lọ. Agbanisíṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ Home Office, kó tó fún yín ní ìwé onígbọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní CoS. Orúkọ gbogbo ilé-iṣẹ́ tó gbàṣẹ wà lórí gov.uk, ọ̀fẹ́ ni wíwò rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí orúkọ ilé-iṣẹ́ tí aṣojú dá fún yín níbẹ̀, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ fúnra yín kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, torí àwọn gbájúẹ̀ máa ń kọ orúkọ gidi sórí lẹ́tà ayédèrú. Ẹni tí wọ́n bá ká ìwé èké mọ́ lọ́wọ́, wọ́n lè fi ọdún 10 dè é lọ́nà ìlú Ọba, ì báà jẹ́ aṣojú ló ṣe é.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ tẹ̀ka fún físà ní Àbújá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú lẹ́tà iṣẹ́ tí wọ́n fún yín wá ká jọ kà á.