Ẹ Dán Ẹ̀rọ Tuntun Wò Kí Ẹ Tó Fọkàn Tán An

Ẹ̀kọ́ wa dá lórí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí a máa ń rà mọ́ fóònù àti kọ̀ǹpútà: fláàṣì, mẹ́mọ́rì káàdì, páwà báǹkì àti irú wọn. Inú wa a máa dùn bí a bá ra tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ. Mo ra fláàṣì kan tí wọ́n kọ 64GB sí lára. Owó rẹ̀ kò tó ìdajì iye tí àwọn yòókù ń tà á, mo sì rò pé mo jèrè. Nígbà tí mo dé ilé ní Ìlogbò-Èkìtì, mo kó ohùn ìyá mi àgbà sí i, níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ilé wa tí wọ́n sì ń pìtàn ìdílé. Mo rí orúkọ gbogbo rẹ̀ nínú fláàṣì náà, mo bá pa ti orí fóònù rẹ́ kí àyè lè wà. Lẹ́yìn tí màmá di olóògbé ni mo fẹ́ gbọ́ ọ. Díẹ̀ ni ó ṣí. Àwọn kan tù mí nínú pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́. Ṣùgbọ́n omi yẹn gan-an ni mo ń wá.

KÍ NI Ó FÀ Á?

Nínú fláàṣì, ibi tí a ń kó nǹkan sí wà, ẹ̀rọ kékeré kan sì wà tí ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ibẹ̀ ṣe tóbi tó. Àwọn onírẹ́jẹ a máa kọ́ ẹ̀rọ yìí ní irọ́: àyè inú rẹ̀ lè jẹ́ 8GB, kí ó máa pe ara rẹ̀ ní 64GB. Bí 8GB náà bá ti kún, ohun tí a bá tún kó sí i yóò sọnù, tàbí kí ó bo ti àtẹ̀yìnwá mọ́lẹ̀. Orúkọ wọn yóò hàn, ṣùgbọ́n wọn kò ní ṣí.

Ẹ má sì fi ẹ̀sùn èké kan ọlọ́jà o. Bí kọ̀ǹpútà Windows bá ka ojúlówó 64GB sí bíi 59GB, kì í ṣe ẹ̀tàn. Ọ̀nà tí ó ń gbà ka iye ni ó yàtọ̀ sí ti àwọn tí ó ṣe fláàṣì náà.

BÍ A ṢE Ń DÁN FLÁÀṢÌ WÒ

1. Kí ó ṣófo. Ẹ kó fídíò tàbí ohun mìíràn tí ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn sí i títí yóò fi kún.
2. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún un kì bọ kọ̀ǹpútà.
3. Ẹ ṣí ti ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín àti ti ìparí. Bí ọ̀kan bá kọ̀, ẹ má lò ó.

Ètò kan wà tí ń jẹ́ H2testw, láti ọ̀dọ̀ ìwé ìròyìn c't ti ilẹ̀ Jámánì, tí ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ó lè gbà tó wákàtí méjì fún 64GB, nítorí náà ilé ni a ti ń ṣe é.

PÁWÀ BÁǸKÌ ŃKỌ́?

Iye tí wọ́n kọ sí i lára, bíi 20,000mAh, jẹ́ ti bátìrì inú rẹ̀, tí agbára rẹ̀ jẹ́ fóltì 3.7. Fóltì 5 ni ó fi ń jáde lójú ibi tí a ń ki okùn bọ̀. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀, 14,800 ni ó kù, ooru yóò sì tún jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá gba iná sínú fóònù 5,000mAh tí ó ti kú ní bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá kú lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan péré, ayédèrú ni. Ẹ tún gbé e wò lọ́wọ́: bí ó bá fúyẹ́ jù, ẹ fura. Ṣùgbọ́n wíwúwo nìkan kò tó, nítorí wọ́n ti rí èyí tí wọ́n rọ yanrìn sí nínú. Èyí tí ó bá wú, tàbí tí ó gbóná débi tí ọwọ́ kò gbà á, ẹ má lò ó mọ́.

Ẹ̀TỌ́ OLÙRÀ

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, èyí tí àjọ FCCPC ń mójú tó, fún wa ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ọjà wò kí a tó rà á, àti láti dá èyí tí ó lábùkù padà. Ó sì di dandan kí ọlọ́jà sọ fún wa bí ọjà bá jẹ́ tòkunbọ̀. Àwa tí a ń ti Ìlogbò lọ rajà ní Adó-Èkìtì, tàbí tí a ń ránṣẹ́ sí Computer Village ní Ìkẹjà, owó ọkọ̀ àtipadà lè ju owó ọjà lọ. Ẹ bá ọlọ́jà ṣe àdéhùn ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ní paríparí rẹ̀, bí fláàṣì tilẹ̀ yege, ó lè bàjẹ́ lọ́la. Ohun tí a kò lè rí rà mọ́, ẹ fi pamọ́ sí ibi méjì, ó kéré tán.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ló dé tí orúkọ fi ń hàn nínú fláàṣì ayédèrú, tí kì í ṣí?
2. Ohùn tàbí àwòrán wo ni ẹ ní tí kò ní ẹ̀dà kejì? Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kí a tó tún pàdé.