Láti Orí Ìdánwò WAEC Dé Kíláàsì A Level: Iṣẹ́ Tó Kù Lọ́wọ́ Òbí

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kò jẹ mọ́ èrè orí ìpín, kò sì jẹ mọ́ ètò ìpàdé ọdọọdún. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà ní SS3 ni. Ìdí tí a fi mú un wá síbí ni pé lọ́dọọdún, bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ a máa sáré wọ ọ́fíìsì wa bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. "Akọ̀wé, èsì ti jáde o. Wọ́n ní ká sanwó kó tó di ọjọ́ Jimọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i."

Bí a bá ṣí káàdì wọn, a ó rí i pé owó tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan, tàbí pé ẹ̀yáwó tí wọ́n fi ra ọjà ọdún Iléyá ṣì wà lọ́rùn wọn. Òfin ẹgbẹ́ wa ò sì gbà ká yá ènìyàn ní ohun tó ju ìlọ́po méjì owó tó fi pamọ́ lọ. Ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ọmọ á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, á máa wo ilẹ̀. Ojú ọmọ yẹn ni kì í kúrò lọ́kàn wa.

Láti ọjọ́ tí ọmọ bá ti kọ ìwé tó gbẹ̀yìn, títí di ọjọ́ tí yóò tún jókòó ní kíláàsì mìíràn, ó lè tó oṣù mẹ́ta, ó sì lè ju ọdún kan lọ. Ní gbogbo àkókò yìí, kò sí tíṣà, kò sí agogo, kò sí yunifọ́ọ̀mù. Àwa òbí nìkan ló kù fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì rò pé ìgbà yẹn gan-an ni iṣẹ́ wa parí! Ohun tí a fẹ́ kí ẹ bá wa gbé yẹ̀ wò ni pé iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, àti pé ó yẹ kí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí èsì tó jáde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọ̀nà. Láyé àwọn bàbá wa, ọdún márùn-ún ni sẹ́kọ́ńdìrì. Ẹni tó bá ṣe dáadáa á wá lo ọdún méjì sí i fún HSC, Lower Six àti Upper Six. Ọdún 1982 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò 6-3-3-4, HSC sì kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ kò kú. Aṣọ ló pa dà. Òun ni a ń pè ní A level lónìí: IJMB, tí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ń bójú tó, àti JUPEB, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Yunifásítì Èkó. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni ọmọ máa ń yàn, yóò kà wọ́n fún nǹkan bí ọdún ẹ̀kọ́ kan, yóò sì kọ ìdánwò. Bó bá yege dáadáa, tó sì gba fọ́ọ̀mù Direct Entry lọ́wọ́ JAMB, ọdún kejì yunifásítì ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kejì, èyí tí gbogbo wa mọ̀, ni kí ó jókòó fún JAMB fúnra rẹ̀, kó sì wọ ọdún kìn-ín-ní. Ní ọdún 2025, 150 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n tó kéré jù fún yunifásítì, ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì ńlá kan ò gbà kó dín ní 200. Èyíkéyìí tí ọmọ bá gbà, kírẹ́díìtì WAEC tàbí NECO rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ilé.

Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọmọ fúnra rẹ̀.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ń ta ata àti tòmátò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kọ ìdánwò tán lọ́jọ́ Wẹsidé. Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó ti wà nídìí àtẹ láti aago mẹ́fà àárọ̀. A ò sọ pé kí ọmọ má ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ o, ata náà ló kúkú rán an níwèé. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan kọjá, oṣù kan kọjá, kò sí ẹni tó bi í pé kí ló kàn. Àwọn oníbàárà ló ń bi í: "Ṣé o ò ní lọ sí yunifásítì ni?" Ọmọ á rẹ́rìn-ín, á máa ka ata sínú abọ́. Nígbà tó di ìparí oṣù keje, kò jẹun dáadáa mọ́. Ìyá rẹ̀ rò pé ibà ni, ó ra oògùn ibà fún un. Àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá náà wá kí wọn, tó jókòó ti ọmọ yìí ní ẹ̀yìnkùlé, ló tó sọ ọ́ jáde: Mátì kò dára. Òun ò dáhùn tó ìdajì ìbéèrè. Òun ò sì mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá òun, tó ti sọ fún gbogbo ọjà pé nọ́ọ̀sì ni ọmọ òun máa ṣe.

Ẹ ò rí nǹkan! Gbogbo ayé ló ti jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ọmọ yìí nìkan ló ṣì wà níbẹ̀.

A yin ìyá náà nítorí ohun tó ṣe lẹ́yìn èyí. Kò pariwo. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó pe ọmọ, ó ní: "Ọmọ mi, bí Mátì bá bọ́, a ó tún un kọ. GCE wà, NECO wà. Sọ òótọ́ fún mi nísinsìnyí, kí n lè mọ iye tí mo máa kó jọ." Nígbà tí èsì dé, D7 ni Mátì náà lóòótọ́, kò wọ kírẹ́díìtì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí àyà rẹ̀ já nínú ilé, nítorí wọ́n ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Ọmọ ń ta ata títí di ọ̀sán, ó ń lọ sí lẹ́sìnnì Mátì ní aago mẹ́rin. Ó tún un kọ, ó gba C5. Kíláàsì A level ló wà báyìí.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ jẹ́ kí ọmọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó sùn, kó lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ilé àti ọjà pín ọjọ́ rẹ̀ sí méjì, ìdajì fún iṣẹ́ wa, ìdajì fún ìwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ bí ìdánwò ṣe rí, ẹ má fi "Kí lo máa gbà?" bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í pé, "Èwo ló le jù?" Ẹni tí a bi ní ìbéèrè yìí kò ní láti purọ́.

Ọjọ́ tí èsì bá jáde wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká rántí ọdún 2025. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, JAMB gbé èsì jáde, ariwo sì sọ. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé àṣìṣe ẹ̀rọ wà nínú ti àwọn ibùdó kan ní Èkó àti ní ilẹ̀ Ìbò. Ọ̀gá JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, ó tọrọ àforíjì, ọmọ 379,997 ni wọ́n sì ní kí wọ́n tún ìdánwò ṣe. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, WAEC kéde pé ìdá 38.32 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kírẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Mátì. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní àṣìṣe wọ inú iṣẹ́ àwọn. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, ó di ìdá 62.96.

Ẹ wo àlàfo yẹn. Ọmọ mélòó ni wọ́n ti lù láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn, tí wọ́n ti pè ní olódo, tí wọ́n ti fi wé ọmọ aládùúgbò, tí wọn ò sì jẹ̀bi nǹkan kan? WAEC tún èsì ṣe. Ta ni yóò tún ọ̀rọ̀ tí bàbá ti sọ ṣe? A sì kà á nínú ìwé ìròyìn ní oṣù karùn-ún yẹn pé ọmọ kan gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nítorí máàkì JAMB. Nítorí náà, bí ọmọ bá ń sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ má pè é ní àwàdà, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ jókòó tì í, ẹ mú un lọ sí ọsibítù.

Ọ̀rọ̀ sọ́bújẹ́ẹ̀tì tún ń dá ìjà sílẹ̀. Àwa tí a ń kọ ìwé yìí jẹ̀bi níbẹ̀. Nílé wa, a fi ipá mú ọmọ ka Físíìsì nítorí pé a fẹ́ ẹnjiníà nínú ẹbí. Ọdún kan gbáko ṣòfò kí a tó gbà fún un láti lọ ka Ìṣirò Owó tó ń wù ú. Ìwé àlàyé kan wà tí JAMB fi ń sọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè. Kí òbí àti ọmọ jọ wò ó kí wọ́n tó san kọ́bọ̀.

Bí ọmọ bá wá wọ kíláàsì A level, ẹ má rò pé ìṣòro tán. Ọmọ tó ti ń ka sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án á ní mẹ́ta péré, á ní eré ni. Tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ á dé, á gba 30 nínú 100. Kì í ṣe pé orí rẹ̀ ti kú. Ẹni tó ń rán bùbá tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ní kó rán kóòtù. Ẹ rántí pé ọdún méjì ni àwọn ará ìgbàanì lò fún HSC. Ọdún ẹ̀kọ́ kan ni àwọn ọmọ tòní ń lò. Bí ọmọ bá fi oṣù méjì àkọ́kọ́ ṣeré, ó ti pàdánù èyí tó pọ̀. Kò sì sí tíṣà tí yóò máa lé e kiri bíi ti sẹ́kọ́ńdìrì.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ò gbọ́ Kẹ́mísìrì. Kò pọn dandan. Ohun tí a lè ṣe ni pé ká má pè é wá sí ìdí àtẹ ní ọjọ́ ọjà tó bá ní kíláàsì. Ká wá iná tí yóò fi kàwé lálẹ́. Ká béèrè ìwé tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ká sì yọjú sí ọ̀gá ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ká má dúró di ìgbà tí ìdánwò bá kù ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá kan tó ń ta pákó, tí kò kàwé rárá, ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn jókòó níwájú tíṣà, ó ní: "Ẹ sọ ibi tó kù sí fún mi." Ìyẹn nìkan ti tó fún ọmọ láti mọ̀ pé ẹnìkan ń wo òun.

Ọ̀rọ̀ owó kù. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ SS3 ní oṣù kẹsàn-án, bó bá ń dá ₦500 lójúmọ́, fún ọjọ́ ọjà 26 lóṣù, ₦13,000 ni lóṣù. Nígbà tí oṣù kẹfà bá fi máa parí, ₦130,000 ti wà lórí káàdì. Nípa òfin ìlọ́po méjì, ó lè yá ₦260,000 sí i láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tó bá sì ti wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lè béèrè ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ tí NELFUND ń ṣe láti ọdún 2024, tí kò ní èlé. Ẹ má sì fojú di poli, NCE, tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó gba NCE náà lè gba Direct Entry wọ yunifásítì.

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí dáadáa. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ya yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n ń kọ A level síwájú rẹ̀, tí wọ́n ń ṣèlérí pé kò sẹ́ni tó ń fìdí rẹmi lọ́dọ̀ àwọn. Ẹ béèrè ta ló fọwọ́ sí i fún wọn, kí ẹ sì lọ wádìí lọ́wọ́ JUPEB tàbí IJMB fúnra wọn. Ẹ má san owó sínú àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ní òun á bá ọmọ yín kọ ìdánwò, olè ni. Ọmọ ẹgbẹ́ kan kọ "owó ilé ìwé" sí fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, ibi ojóró bẹ́ẹ̀ ló gbé e lọ. Wọ́n dá èsì ọmọ dúró. Owó náà kò padà, onídùúró rẹ̀ méjèèjì ló ń bá a san án di òní, ọ̀kan nínú wọn ò sì kí i mọ́. Láti ìsinsìnyí lọ, kọmitíì yóò máa béèrè lẹ́tà ìgbàwọlé kí a tó fọwọ́ sí ẹ̀yáwó ẹ̀kọ́, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà ni a ó sì kọ sí ìwé sọ̀wédowó.

Fọ́ọ̀mù ìfowópamọ́ orí ọmọ ti wà ní ọ́fíìsì. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní SS2 tàbí SS3 kí ó wá gbà á kó tó di ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, kí ó sì mú ọmọ náà dání. Àyè kan wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà tí ọmọ fúnra rẹ̀ yóò ti kọ ohun tó fẹ́ kà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá a kọ ọ́.