Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Mi Ló Gbé Omi Wọlé?

ÌBÉÈRÈ

Bàbá, Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, téèyàn bá ti kọjá Mile 12, ni mò ń gbé. Ata àti tòmátì ni mò ń tà. Inú ìjọ ni wọ́n bí mi sí, n kì í sì í jẹ ìdámẹ́wàá mi. Àmọ́ bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń lọ sópin, omi á ya wọlé wa. Lọ́dún tó kọjá, ó bo bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbé apẹ̀rẹ̀ ọjà mi lọ. Mo ní kí pásítọ̀ wa bá mi gbàdúrà, ó ní kí n lọ yẹ ara mi wò, pé ajẹnirun kì í wọ ilé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo yẹ ara mi wò, Bàbá, n ò rí nǹkan kan. Omi wọ yàrá Àlàájì tó múlé gbè wá. Ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa pàápàá, títí dé orí pẹpẹ. Látìgbà náà, tí wọ́n bá ní ká ṣe àmín, ẹnu mi ń ṣe é, ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Ọmọ mi obìnrin bi mí pé kí la ṣe fún Ọlọ́run, mo ní kó dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti ń di apẹ̀yìndà. Ṣé irú ìbéèrè báyìí ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?

Ìyá Aláta, Ajégúnlẹ̀

ÌDÁHÙN

Ìyá Aláta, ẹ kú àdánù o. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn ná.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí omi yẹn ti ń bọ̀. Odò Ògùn ló ń gba ọ̀dọ̀ yín kọjá lọ sínú ọ̀sà. Lápá òkè, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ìjọba sé odò Ọ̀yán tó ń ṣàn bọ́ sínú rẹ̀, wọ́n sì ṣí dáàmù náà ní 1983. Ó lè gba omi tó 270 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Bí òjò bá pọ̀ jù, àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀ á tú omi sílẹ̀ kí dáàmù má bàa ya. Ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ rẹlẹ̀, bí ọ̀sà bá sì ti kún, omi ò ríbi lọ. Ní 2010, omi lé ọ̀pọ̀ ará àdúgbò yín jáde nílé, ìjọba sì kó àwọn kan lọ sí àgọ́ ní Àgbọ́wà. Omi yẹn ò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó san ìdámẹ́wàá.

Ohun tí pásítọ̀ yín sọ, àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ti sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ rí. Jóòbù ò gbà. Ó ṣàròyé, ó bá Ọlọ́run fúnra rẹ̀ rojọ́. Nígbà tí ìwé Jóòbù ń parí lọ, àwọn tó rò pé àwọn ń gbèjà Ọlọ́run ni Ọlọ́run bínú sí. Ó máa ń dùn mí pé a kì í wàásù lórí ibẹ̀ tó.

Nínú Ìhìn Rere Lúùkù, orí 13, Jésù sọ̀rọ̀ ilé ìṣọ́ tó wó ní Sílóámù, tó pa ènìyàn 18. Ó bi àwọn tó ń gbọ́ ọ bóyá wọ́n rò pé àwọn òkú náà ló burú jù ní Jerúsálẹ́mù. Ó ní rárá. N ò ní fi ìyókù pa mọ́ fún yín: ó pè wọ́n sí ìrònúpìwàdà. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà láàyè ló ń bá wí, gbogbo wọn pátá.

Ní ti ajẹnirun, inú ìwé Málákì ni wọ́n ti mú un, níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ irè oko. Ẹ fi Diutarónómì orí 14 tì í: ní ọdún kẹta-kẹta, ìdámẹ́wàá wà fún ọmọ Léfì, àlejò, ọmọ aláìlóbìí àti opó, kí wọ́n jẹ kí wọ́n yó. Ẹni tí omi lé jáde nílé kò jìnnà sí àwọn tí wọ́n kà síbẹ̀ yẹn.

Ẹ ní ẹ̀ ń bẹ̀rù kí ẹ má di apẹ̀yìndà. Ẹ gbọ́ ìtàn àwọn kan tí àwọn náà béèrè ìbéèrè. Ní 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn lùkúlùkú ń pa ènìyàn, àwọn kan nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde dá ẹgbẹ́ àdúrà sílẹ̀, Joseph Ṣàdáre sì wà lára àwọn aṣáájú wọn. Wọ́n ń béèrè ohun tí ìjọ ò fẹ́ gbọ́: èéṣe tí à ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọwọ́? Ṣé àdúrà nìkan ò tó láti wo àìsàn ni? Nígbà tó di 1922, wọn ò lè bá ìjọ náà lọ mọ́. Ẹgbẹ́ yìí wà lára orísun Christ Apostolic Church, CAC. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún bá àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Britain ní 1931 fa ọ̀rọ̀, torí pé àwọn yẹn ń lo kúníìnì sí ibà. Lórí oògùn, n ò sí lẹ́yìn wọn. Kí ẹni tí ibà bá mú lo oògùn. Síbẹ̀, bàbá ìgbàgbọ́ ni à ń pe Ṣàdáre lónìí, ìbéèrè ló sì gbé e kúrò níbi tó wà.

Ó lè jẹ́ pé ìbéèrè yín ti kọjá ti omi, pé ẹ tiẹ̀ ń rò ó bóyá Ọlọ́run ń gbọ́. N ò ní ìdáhùn tó máa parí ìyẹn fún yín. Ẹ má fipá ṣe àmín. Ẹ lè jókòó jẹ́ẹ́ nínú ìsìn. Ìwé Sáàmù kún fún àwọn tó ń bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹ pe ọmọ yín, ẹ sọ ọ̀rọ̀ odò àti dáàmù fún un, kó mọ̀ pé kò sóhun tí ẹ ṣe.

Ní ti pásítọ̀, ẹ rí i níkọ̀kọ̀, kì í ṣe lójú ìjọ. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn yín. Kí ẹ wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ìjọ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìdámẹ́wàá kí oṣù kẹsàn-án tó dé, fún àwọn tí omi máa lé jáde, Àlàájì náà pẹ̀lú. Ẹ kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ àwọn ìyá sọ ọ́, torí àwọn ló mọ ilé tí omi ń wọ̀, àwọn ló sì mọ ẹni tí kò ríbi sùn lọ́dún tó kọjá.