Ìwọ̀n Ara Ìyá àti Àtọ̀gbẹ Inú Oyún

Ní Ọ̀tà níhìn-ín, bí aboyún bá sanra, àwọn ará ilé a máa yọ̀, wọn a ní ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Ìyìn náà dára, ṣùgbọ́n kò sọ fún wa bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti rí. Àtọ̀gbẹ inú oyún kì í sábà ní àmì. Ìyá lè máa tajà ní Sángo tàbí kí ó máa ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, kí ara rẹ̀ le, síbẹ̀ kí ó wà nínú ewu.

Bí oyún ti ń dàgbà, ibi ọmọ a máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, tí kì í jẹ́ kí ínsúlínì ráyè kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bí ó ti yẹ. Ara ọ̀pọ̀ obìnrin a pèsè ínsúlínì sí i. Ara àwọn mìíràn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ọ̀rá bá ti pọ̀ jù lára wọn kí wọ́n tó lóyún. Ṣúgà náà a kọjá sí ọmọ inú. Ọmọ a tóbi jù, èjìká rẹ̀ lè há nígbà ìrọbí, ṣúgà ara rẹ̀ sì lè já wálẹ̀ lẹ́yìn tí a bá bí i. Nígbà mìíràn, ọmọ a kú sínú.

Ẹ̀yà tí ènìyàn ti wá náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Àtọ̀gbẹ a máa bá àwa aláwọ̀ dúdú ní ìwọ̀n ara tí ó kéré sí ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, àjọ NICE tí ń ṣe ìlànà ìtọ́jú sọ ní ọdún 2022 pé fún ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú, láti 27.5 ni ìsanrajù ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe 30. A ó fi gíga ní mítà pín ìwọ̀n ara ní kílò, a ó sì tún fi gíga kan náà pín èsì rẹ̀. Obìnrin tí ó ga ní mítà 1.60, tí ó sì wọn kílò 71, ti kọjá ààlà yìí. Lójú òǹkà ti 30, ó di kílò 77 kí a tó kà á sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé, "Èmi kò kúkú sanra tó lágbájá."

Ìwọ̀n ara ìgbà tí oyún kò tíì tóbi ni a ń lò, nítorí náà ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Bí òbí tàbí ọmọ ìyá yín bá ní àtọ̀gbẹ, tàbí bí ẹ bá ti bí ọmọ tí ó wọn kílò 4.5 rí, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ 24 sí 28, ẹ béèrè àyẹ̀wò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Wọn a gba ẹ̀jẹ̀ láìtíì jẹun, ìyá a mu gíráàmù 75 glucose tí a pò mọ́ omi, wọn a sì tún gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan àti wákàtí méjì. Àyẹ̀wò ìtọ̀ nìkan kò tó.

Bí ó bá wà níbẹ̀, kí ìyá má ṣe fi ebi pa ara rẹ̀. Kí ó dín òkèlè ẹ̀bà àti fùfú kù, kí ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ sí i, kí ó sì máa rìn lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹlẹ́rìndòdò tí àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ fi ń lé oorun lọ (a mọ̀ pé ó dùn) ni kí ó kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Bí ṣúgà kò bá wálẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, dókítà lè fún un ní oògùn tàbí abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Kò sí àgbo tí ó lè rọ́pò èyí.

Lẹ́yìn ìbímọ, ṣúgà a sábà padà sí ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n irú ìyá bẹ́ẹ̀ lè ní àtọ̀gbẹ lẹ́yìn ọ̀la. Lọ́jọ́ tí ó bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí ó béèrè ìgbà tí wọn yóò tún yẹ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ wò, kí ó sì máa ṣe é lọ́dọọdún.