Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Òṣìṣẹ́ Láàárín Èkó àti Ògùn

Ènìyàn laṣọ, kò sí ìjọba ìpínlẹ̀ tí kò mọ èyí. Ìlànà òfin owó-orí Nàìjíríà ni pé ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ń gba owó tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń sùn sí Ìbàfò, Mowé, Akúte àti Ọ̀tà ní Ògùn, tí wọ́n sì ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí Erékùṣù Èkó, fi ṣe pàtàkì sí ìjọba Èkó ní Aláùsá àti ìjọba Ògùn ní Òkè-Mosàn bákan náà.

Tó bá di ọ̀rọ̀ ilẹ̀, Èkó ló kéré jù nínú gbogbo ìpínlẹ̀. Ògùn fi ìlọ́po mẹ́rin ó lé tóbi jù ú. Iṣẹ́ pọ̀ ní Èkó, àyè pọ̀ ní Ògùn, ọ̀wọ́n ilé ló sì ń ti òṣìṣẹ́ kọjá ààlà. Owó oṣù náà kò dọ́gba: ní 2024, nígbà tí òfin àpapọ̀ fi owó oṣù tó kéré jù sí 70,000 náírà, Ògùn kéde 77,000 fún òṣìṣẹ́ tirẹ̀, Èkó kéde 85,000.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí òṣìṣẹ́ máa wo owó ilé nìkan. Ká ní ilé Mowé fi 40,000 náírà dín sí ti Ògbà lóṣù. Bí owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ bá fi 2,000 lé sí i lójúmọ́, ọjọ́ iṣẹ́ 22 yóò gba 44,000. Èrè ti bómi lọ, a ò tí ì ka wákàtí tó ń ṣòfò nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ní Kárà àti Berger. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà epo tí kò tó 200 náírà kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìṣirò yìí ti dojú rú fún ọ̀pọ̀ ìdílé.

Owó mìíràn wà tí agẹ́ńtì kì í sọ. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tuntun ní ìhà Ògùn, ẹgbẹ́ onílé ló ń dáwó ra tiransifọ́mà, tó ń san owó ọlọ́dẹ, tó ń dí kòtò ojú ọ̀nà. Ayálégbé náà ń dá níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó ń wá ilé gba ọ̀nà àdúgbò náà lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè kan kó tó sanwó, kó sì gbà á padà nírọ̀lẹ́. Kó wo àdúgbò lẹ́yìn òjò. Kó bi ayálégbé tó ti wà níbẹ̀ léèrè iye tí wọ́n ń dá. Ẹni tó lè ṣiṣẹ́ nílé fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ lè jèrè ilé Ògùn gan-an. Ẹni tó gbọ́dọ̀ dé Apápá kí aago méje tó lù, yàrá kan nítòsí sàn fún un ju fúláàtì ọ̀nà jíjìn lọ.

Ibi tí a bá ń gbé là ń ṣe. Kí òṣìṣẹ́ rí i pé àdírẹ́sì rẹ̀ tòótọ́ ló wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, kí owó-orí rẹ̀ lè dé ìpínlẹ̀ tó ń gbé. Kó tọ́jú rìsíìtì owó ilé pẹ̀lú: òfin owó-orí tuntun, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2026, gbà kí ayálégbé yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ọdún kan kí wọ́n tó ṣírò owó-orí rẹ̀, àmọ́ iye tó lè yọ kò gbọ́dọ̀ ju 500,000 náírà lọ.

Ó sì tọ́ kí owó-orí náà hàn lójú títì. Ìpínlẹ̀ méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn ìdàgbàsókè àpapọ̀ ní 2021. Ọkọ̀ ojú irin Red Line tí Èkó ṣe, láti Agbádò dé Oyíngbò, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2024, ará Ògùn tó wà nítòsí sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ kí ènìyàn dúró ti òun yóò ṣe ọ̀nà láti márosẹ̀ wọ inú àdúgbò, yóò fa omi, yóò sì bá ẹnìkejì rẹ̀ ṣètò bọ́ọ̀sì tí kì í já èrò sílẹ̀ ní ààlà.