Aago Ọwọ́ Ìgbàlódé àti Títẹ Àyà Ẹni tí Ọkàn Rẹ̀ Dáwọ́ Lílù Dúró

Ìbéèrè: Ṣàlàyé bí aago ọwọ́ ìgbàlódé ṣe lè ran ẹni tí ó ń du ẹ̀mí ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Àkíyèsí: Àròkọ aṣàlàyé ni èyí, má ṣe sọ ọ́ di ìtàn. Sọ bí nǹkan náà ti ń ṣiṣẹ́, àǹfààní rẹ̀, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Àpẹẹrẹ Àròkọ

Bí ọkàn ènìyàn bá ṣàdédé dáwọ́ lílù dúró, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ọpọlọ mọ́. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọpọlọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹni tí ó wà nítòsí gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ pe àwọn oníṣègùn, kí ó sì máa fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà onítọ̀hún títí wọn yóò fi dé. Ní ọdún 1960 ni William Kouwenhoven, James Jude àti Guy Knickerbocker, ní Yunifásítì Johns Hopkins ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí wọn lórí ọ̀nà yìí jáde.

Ṣùgbọ́n títẹ àyà ní ìwọ̀n. Fún àgbàlagbà, ìgbà 100 sí 120 ni a ó tẹ̀ ẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Àyà gbọ́dọ̀ wọlé tó sẹ̀ńtímítà 5, kí ó má sì kọjá 6. A ó sì jẹ́ kí ó padà sókè pátápátá kí a tó tún un tẹ̀. Ìbẹ̀rù a máa mú kí ọwọ́ yára jù; àárẹ̀ a sì máa sọ ọ́ di ọ̀lẹ, láìjẹ́ pé ẹni tí ó ń tẹ àyà mọ̀.

Níbí ni aago ti wúlò. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń mọ bí ọwọ́ ti ń lọ sókè sódò. Bí a bá ti ṣètò rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, yóò máa ka iye ìgbà tí a tẹ àyà, yóò fojú díwọ̀n bí ó ti wọlé tó, yóò sì sọ bí ọwọ́ bá yára jù tàbí bí ó bá fúyẹ́. Ìwádìí tí a fi ọmọlángidi ṣe ti fi hàn pé irú ìtọ́sọ́nà bẹ́ẹ̀ ń mú kí títẹ̀ náà sún mọ́ ìwọ̀n tí ó yẹ.

Síbẹ̀, aago lè ṣìnà. Bí aláìsàn bá wà lórí ibùsùn onífóòmù, aago lè ka wíwọlé fóòmù mọ́ ti àyà. Bákan náà, aago kò lè gba iṣẹ́ ṣe fún ọwọ́ tí ó ti rẹ̀. Kí ẹlòmíràn gbà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2. Bí aago kò bá sì sí, kí a má ṣe dúró wá a.

Àwọn àgbà ní, bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ojú tí a ó fi ríran nínú ìpayà ni aago jẹ́. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń gba ẹ̀mí là.